Táńkì omi: lítìrì mélòó ló gbà?

Ní Kaboua wa níbí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á di wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ táńkì sìmẹ́ńtì sẹ́yìn ilé, kí ó fi gba omi òjò orí páànù, báwo ló ṣe máa mọ iye omi tí yóò gbà?

Ẹ wo dáìsì tí àwọn ọmọ fi ń ta lúdò. Ojú 6 ló ní, igun 8, etí 12. Gbogbo etí rẹ̀ gùn bákan náà. Táńkì tí a ń sọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Tí inú àpótí kan bá jẹ́ sàńtímẹ́tìrì 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga, omi lítìrì 1 ló gbà. Omi yẹn wúwo tó kílò 1. Mẹ́tìrì 1 jẹ́ sàńtímẹ́tìrì 100. Nítorí náà, nínú táńkì mẹ́tìrì 1, àpótí kékeré 10 ló máa wà lórí ìlà kan. Ìlà 10 ló máa bo ilẹ̀ rẹ̀, ó di 100. A tún máa tò ó ní ipele 10 kó tó kún: 10 × 10 × 10 = 1000. Lítìrì 1000 nìyẹn, ìyẹn bídọ̀ lítìrì 25 lọ́nà 40. Ilé tó ń lo bídọ̀ 4 lóòjọ́ á lò ó fún ọjọ́ 10.

Ọjọ́ 10 mà kéré o. Bàálé ilé á ní: « Màá sọ ọ́ di mẹ́tìrì 2, kí omi di ìlọ́po méjì. » Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀! Gígùn, ìbú, gíga, gbogbo wọn ló pọ̀ sí i: 2 × 2 × 2 = 8. Lítìrì 8000 ni, bídọ̀ 320. Ó tó ọjọ́ 80.

Rírẹ́ ògiri ńkọ́? Ilẹ̀ àti ògiri 4 la máa rẹ́ nínú, ojú 5. Ti kékeré: 1 × 1 × 5 = 5. Ti ńlá: 2 × 2 × 5 = 20. Rírẹ́ di ìlọ́po 4, ṣùgbọ́n omi di ìlọ́po 8. Tí owó bá wà, ńlá ló sàn. Àmọ́ omi lítìrì 8000, tọ́ọ̀nù 8 ni! Bí omi bá ṣe jìn tó ló ṣe ń ti ògiri tó nísàlẹ̀. Ògiri tín-ínrín á là. Ẹ wá bíríkìlà tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó fi irin sí i.

Inú táńkì ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ìta.

Ẹ ṣe èyí wò: tí inú táńkì bá jẹ́ mẹ́tìrì 3 yíká gbogbo etí rẹ̀, bídọ̀ mélòó ló máa gbà?