Efínrín Wẹ́wẹ́: Irúgbìn Ilé Kò Gbọdọ̀ Run

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ká tán tí kò fi irúgbìn pamọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò nígbà tí òjò bá tún dé. Kò sí ewéko tó fi èyí hàn bí efínrín.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀yìnkùlé. Efínrín ńlá a máa le bí igi, a sì máa pẹ́ lórí ilẹ̀. Òun ni a ń sè fún ẹni tí inú ń run, tí a sì ń já sínú ọbẹ̀. Efínrín wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ kéré léwé, kì í sì í sábà ju ọdún kan lọ kó tó kú. Efínrín dídùn tí àwọn ará ìlú Genoa ní Ítálì ń gún pọ̀ mọ́ áyù, wàràkàṣì àti òróró ólífì, tí wọ́n ń pè ní pesto, ọmọ ìyá efínrín wẹ́wẹ́ yìí ni. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, a kì í díye lé ewé yìí fún aládùúgbò. Ẹni tí kò ní a tọrọ, ẹni tó ní a sì já a fún un.

Irúgbìn kò rí bákan náà. Àgbàdo tàbí tòmátì tí àwọn onímọ̀ fi ìran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí, ẹni tó bá tún kóró rẹ̀ gbìn kì yóò rí irú ti ìṣáájú. Ó di dandan kó padà sọ́dọ̀ òǹtajà. Ọ̀pọ̀ efínrín kò rí bẹ́ẹ̀. Oyin ni í gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ kiri, irú ìyá ni ọmọ sì ń jọ. Nítorí náà, ẹni tó ra irúgbìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ṣaláìrà á mọ́ láéláé, bó bá mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Kóró rẹ̀ dúdú, ó sì kéré. Bí omi bá kàn án, a máa yọ̀ bí ilá. Kò fẹ́ òtútù rárá. A ó wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó kúnná, a ó fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, yóò sì hù láàrin ọjọ́ 5 sí 10. Pàǹtírí ewé tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbó tó o. Kò bèèrè ajílẹ̀ òyìnbó. Bó bá dàgbà díẹ̀, a ó rẹ́ orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Ẹni tó ń fẹ́ ewé yóò máa já òdòdó rẹ̀ dànù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á jẹ èyí tó dára jù tán, wọ́n á fi èyí tó rán sílẹ̀ fún irúgbìn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ewé á kéré, òdòdó á sì tètè yọ. Èyí tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí òórùn rẹ̀ dára, tí òdòdó rẹ̀ sì pẹ́ kó tó yọ, ni kí a dá sí, kí ó sì ju ẹyọ kan lọ. Bí oríṣi méjì efínrín wẹ́wẹ́ bá wà nítòsí ara wọn, oyin yóò dà wọ́n pọ̀. Kí a jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ṣírí òdòdó bá ti gbẹ, kí a gé e, kí a sá a níbòòji, kí a fi ọwọ́ ra á, kí a sì fi atẹ fẹ́ ẹ. Kóró 4 ló sábà máa ń wà nínú àpò òdòdó kọ̀ọ̀kan. Nínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, yóò wúlò fún nǹkan bí ọdún 5.

Ewu kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àrùn kan tí í mú ojú ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí í sì da ohun bí eérú sí abẹ́ rẹ̀, ni a ti kọ́kọ́ rí ní Ùgáńdà ní àwọn ọdún 1930. Ó dé Switzerland ní ọdún 2001, ó sì dé ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007. Inú irúgbìn ló lè gbà rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Igi gàǹgàràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú irúgbìn lára efínrín tó ń ṣàìsàn.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ìyá àgbà bá papò dà láìfi ìgò irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, ìran efínrín ilé náà lè bá a lọ. Nítorí náà, kí ìyá pe ọmọ sí ìdí atẹ. Kí ó sì bu díẹ̀ fún aládùúgbò. Bí òjò bá ba ti ilé kan jẹ́, ilé kejì ni wọn yóò ti lọ tọrọ rẹ̀ padà.