Orúkọ Oúnjẹ Alángbá: Ìdin, Aràn àti Tanátaná

Alángbá ara ògiri Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì ń ṣa oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ láti Ọsirélíà, alángbá onírùngbọ̀n tí a ń sìn nínú ilé, ọwọ́ ẹni tí ń sìn ín ni ó ń wò. Nítorí náà, kí a má ṣe da orúkọ pọ̀. Ìdin ni ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́: a lè fi bọ́ ọ. Inú ẹran ni aràn ń gbé: àrùn ni. Kòkòrò ni tanátaná, ṣùgbọ́n májèlé wà lára irú rẹ̀ kan; ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ròyìn pé ó pa alángbá onírùngbọ̀n. Kòkòrò tí a ó fún un kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju àlàfo ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, a kò sì gbọdọ̀ mú un níbi tí a fín oògùn apakòkòrò sí.