Ìtàn Tí Ń Bẹ Lẹ́nu Ìyá Tí Ń Ṣàìsàn

Nígbà tí ìyá bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun púpọ̀ ni àwọn ọmọ a máa sáré wá: òògùn, ọbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ lè gbà, owó ilé ìwòsàn, àti ẹni tí yóò sùn tì í lóru. Èyí tọ́, ó sì yẹ, nítorí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rántí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, èyí ni ìtàn ìdílé tí ń bẹ nínú ìyá náà. Òun ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Láyé àtijọ́, ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kò gbọdọ̀ fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ kékeré. Ó ní láti kọ́ oríkì wọn, kí ó lè máa fi kí wọn ní òwúrọ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé ti ilé baba rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdílé méjì ni ìyá kan ṣoṣo ń gbé sínú. Òun ni ó mọ ọmọ tí ó kú ṣáájú àkọ́bí tí a ń rí, òun ni ó mọ ẹni tí ó tọ́ ọmọ òrukàn dàgbà, òun náà ni ó sì mọ ìdí tí ilé yìí àti ilé ọ̀hún kò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn.

Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé, “Màmá ti ń ṣarán,” nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ṣáá. Ẹ má ṣe yára wí bẹ́ẹ̀. Ní 1963, Robert Butler, oníṣègùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti fi hàn pé arúgbó tí ń padà sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ń yẹ ìgbé ayé rẹ̀ wò ni, kì í ṣe pé iyè rẹ̀ ti ra. Bí iyè bá tilẹ̀ ti ń ra nítòótọ́, ọ̀rọ̀ àná ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ti ìgbà èwe a sì pẹ́ díẹ̀. Ìyá tí kò rántí bí òun ti jẹun lówùúrọ̀ lè ki baba rẹ̀ láìṣìnà.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Dókítà a máa béèrè pé, “Ta ni ó ti ṣe irú àìsàn yìí rí nínú ìdílé yín?” Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà a máa tẹ̀lé ìdílé. Nínú àwọn ọmọ tí a ń pè ní àbíkú nígbà kan rí, kò ṣàìsí àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa. Ọmọ-ọmọ tí ó ń múra àtigbéyàwó ní láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sì sọ fún un bí ìyá àgbà kò bá sọ?

Bí a bá bi í ní ọdún tí ohun kan ṣẹlẹ̀, ó lè má lè dáhùn. Ẹ kúkú bi í bóyá ó ti gbọ́njú ní ọjọ́ tí òṣùpá bo òòrùn lójú ọ̀sán ní oṣù karùn-ún 1947. Bóyá ó ti lọ́kọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ọmọ wo ni ó ń pọ̀n nígbà òmìnira ní 1960. Àti ohun tí ó ń tà nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973. Bí ara bá ń ro ó, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Bí ó bá fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pè yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kí ó sọ nípa àbúrò náà fún yín. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì fẹ́ pa mọ́, tirẹ̀ ni.

Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi sí ibì kan ṣoṣo. Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní ìlú òyìnbó. Johnson kú ní 1901, Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó sì fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kò bá sí ìwé kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ni ìbá tún kọ?

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá ń fẹ́ ẹni tí yóò rò ó. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ ìyá wa sí Ìyá Táyé tàbí Ìyá Bọ̀sẹ̀, tí a kò mọ̀ bóyá Àníkẹ́ ni ìyá tirẹ̀ ń pè é, tàbí Àjọkẹ́. Nígbà tí òkú bá sùn tán, tí a bá wá ẹni tí yóò sọ orúkọ baba rẹ̀ fún wa kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú, òun nìkan ni ìbá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń bẹ lórí ibùsùn, ẹ fa àga sún mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ẹ sì béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.