Omi Tó Ń Bọ̀ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ní oṣù kẹjọ ọdún, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Avrankou àti ní Àjàṣẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni omi odò Ouémé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹni tó ń dáko létí odò á ní: «Òjò ò rọ̀. Níbo ni omi yìí ti wá?»

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Odò Ouémé gùn tó 510 kìlómítà. Òkè Tanéka, ní apá àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló ti ń ṣàn wá. Nígbà tí òjò bá dá níhìn-ín, ó ń rọ̀ gan-an lọ́hùn-ún. Omi náà á gba Bétérou, á gba ilẹ̀ Ṣábẹ, á dé Bonou, Adjohoun, Dangbo àti Aguégués. Omi kì í fò. Ọjọ́ mélòó kan ló máa ń rìn kó tó dé. Àwọn ọjọ́ yẹn ni àyè tí a ní láti múra.

Ní ọdún 2010, omi kún ju bó ṣe máa ń kún lọ. Nínú kọ́múnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, 55 ló fara gbá a. Ó kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn. Ènìyàn 46 ló kú. Ilé wó, oko bọ́ sábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá àjọ ANPC sílẹ̀, tó ń rí sí ààbò ará ìlú. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Sendai, ní ilẹ̀ Jàpáànù. Wọ́n fẹnu kò pé kí ìjọba má kàn dúró de àjálù kó tó pín oúnjẹ. Kó dín ewu kù ṣáájú.

Báwo ni ìjọba ṣe ń múra?

1. Ó ń wọn omi. Wọ́n ri òpó tí a kọ nọ́ńbà sí mọ́lẹ̀ nínú odò. Bí omi bá ga ní Bétérou, a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ ní Bonou.

2. Ó ń kìlọ̀. Ìkìlọ̀ á gba orí rédíò, á dé ọ̀dọ̀ méèrì, á dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé.

3. Ó ń pín iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló máa gbé ọkọ̀ ojú omi wá? Ilé ìwé wo ni àwọn tí omi lé máa sùn? A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Àwọn kan á ní: «Kí wọ́n kó kúrò létí odò, kó tán.» Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Omi tó ń kún yẹn ló ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, òun ló ń mú ẹja wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ. Ohun tí wọ́n nílò ni kí ìkìlọ̀ tètè dé, kí wọ́n lè kórè, kí wọ́n sì kó ọmọ àti ẹran lọ sókè.

Avrankou wà lórí ilẹ̀ gíga. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá ni? Ó kàn wá. Àwọn ìbátan wa wà ní àfonífojì. Bí omi bá lé wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Òjò tiwa náà sì ń ṣàn lọ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nítorí náà:

– Ẹ má kọ́lé sójú ọ̀nà àgbàrá.
– Ẹ má da ìdọ̀tí sínú gọ́tà.
– Ẹ gbé àgbàdo àti ìwé ìbí ọmọ síbi gíga.
– Bí omi bá wọ kànga, ẹ má mu ún láìsè é.
– Bí ẹ bá gbọ́ ìkìlọ̀, ẹ sọ fún ẹni tí kò gbọ́.

Ìjọba lè wọn omi, ó lè kìlọ̀. Ṣùgbọ́n àwa la máa gbé ẹsẹ̀ wa kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

Kí ló dé tí odò fi ń kún nígbà tí òjò ò rọ̀?
Ní abúlé yín, ibo ni omi kì í dé?
Ta ló máa ran arúgbó àti aboyún lọ́wọ́ láti débẹ̀?