Àgbẹ̀ tí kò sí nídìí ọjà fi iye owó síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Instagram ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà lórí fóònù ni mo gbé wá lónìí, torí ó jọ pé kò sẹ́ni tí kò ní nǹkan tó ń tà mọ́: wíìgì, ìpara, chin-chin, àdìrẹ. Gbogbo yín lẹ sì ń sọ pé ọjà ò yá. Ó lè jẹ́ pé owó ò sí nílùú lóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n mo wo ìpàtẹ yín dáadáa, mo sì rí ohun kan tí ìyá tó ń ta gàárì ní Bódìjà ò jẹ́ ṣe.

Ẹnì kan á gbé àwòrán àdìrẹ tó rẹwà sórí Instagram. Oníbàárà á kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ káàsán mà, eélòó ni ọ̀pá márùn-ún?" Ọlọ́jà á fèsì pé, "Check DM." Kí DM ọ̀hún tó wọlé, ilẹ̀ ti ṣú, owó oníbàárà ti bá ẹlòmíì lọ.

Tí mo bá sọ èyí, àwọn kan á ní, "Bọ̀ọ̀dá oníròyìn, ṣèbí bí Yorùbá ṣe ń tajà náà nìyẹn? Ta ló ń lẹ iye owó mọ́ iṣu lára? Ẹ ó bèèrè ni, ẹ ó sì nájà." Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Níbi tí wọ́n ti ń nájà, ọlọ́jà wà níkàlẹ̀. Ẹ bèèrè, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní ₦10,000, ẹ ní ₦6,000, ó rẹ́rìn-ín, ó bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó fi owó ọkọ̀ kún un fún yín ni. Nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn lẹ ti di oníbàárà ẹ̀.

Tí ọlọ́jà ò bá sí nítòsí ńkọ́? Yorùbá ní ètò fún ìyẹn náà. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ á pàtẹ iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, á sì bá tiẹ̀ lọ sóko. Á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan. Iye òkúta tẹ́ ẹ bá kà ni iye owó ẹyọ tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀. Ẹni tó ń kọjá á mú ọjà, á fowó síbẹ̀, á máa lọ. Ti ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá ń yún un láti jí i, ààlè wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọjà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọjà tí ọlọ́jà ò bá jókòó tì, òun gan-an ni wọ́n ń fi iye owó tì. Ojú Instagram àti status WhatsApp yín, ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ni. Nígbà tẹ́nì kan bá ń wò ó láago méjì òru, ẹ ti sùn.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Abala 115 nínú òfin FCCPA 2018 ti Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó ẹ̀ han oníbàárà kedere. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà kan náà rí iye tẹ́ ẹ ń tà á. Ó ti rí i tipẹ́ jàre, nọ́ńbà àbúrò ẹ̀ ló fi bèèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo ìpolówó. Ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín kì í kàn dárúkọ ọjà, á ní ó gbóná fẹlifẹli, á ní ẹyin wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin wá kọ "Quality adire available." Kí nìyẹn jẹ́? Ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ọlọ́jà á tú aṣọ fún yín, á ní ẹ fọwọ́ kàn án. Fóònù ò ṣeé fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ẹ rẹ aṣọ yẹn sínú omi níwájú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ká rí àwọ̀ omi. Ohun tó ń ba ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ lẹ́rù nìyẹn, kó má lọ ba aṣọ yòókù jẹ́.

Èènì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín rò pé "buy two, get one free" ni. Rárá, ẹ̀dínwó nìyẹn. Ìyá onígàárì á wọn ọjà tán, ẹ ó sanwó tán, kó tó wá bu ọwọ́ kan lé e. Kò kọ́kọ́ kéde ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi àjẹkù àdìrẹ rán ìdirun kékeré kan, tẹ́ ẹ rọra fi sínú ọ̀rá ọjà láìsọ̀rọ̀, oníbàárà fúnra ẹ̀ ló máa yà á ní fọ́tò fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wò.

Àwìn nìkan ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbé lọ sórí fóònù. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú láyé àtijọ́, mọ ilé gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó síbẹ̀, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ wọn. Ẹ̀yin ò mọ̀ ju fọ́tò àti orúkọ ìnagijẹ tí oníbàárà ń lò lọ. Ilé ta lẹ fẹ́ lọ lóṣòó sí? Ẹ rí i pé owó wọlé kí dispatch tó gbé ọjà.