Igi Wo Ni Ó Yẹ fún Èèkù Ọ̀bẹ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìpetumodù àti agbègbè rẹ̀,

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ náà kù sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi owó gidi ra irin tí ó dára, nígbà tí èèkù rẹ̀ bá sì bàjẹ́, a ó gé igikígi tí a bá rí lẹ́bàá ọ̀nà fi dípò. Èèkù tí a fi igi tútù ṣe nígbà òjò kì í ju ìgbà ọyẹ́ lọ kí ó tó là. Àkókò náà gan-an ni a sì ń fọ́ kòkó. Bí irin bá mì nínú èèkù, tí ó sì yọ lójijì, ìka ọwọ́ ni yóò bá.

OHUN TÍ Ń LA ÈÈKÙ. Igi tútù a máa súnkì bí ó ti ń gbẹ. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní gígùn, ṣùgbọ́n a máa dín ní fífẹ̀. Irin tí ó wà nínú rẹ̀ kì í súnkì. Nígbà tí igi bá ń fún irin mọ́ra, tí irin kò sì yẹ̀ fún un, igi ni yóò là. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ìlú wa mọ irú ọgbọ́n yìí: wọn kì í gbé ìkòkò tútù wọ iná, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ ná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe sí igi èèkù.

IGI TÍ Ó DÁRA. Apá ni ó ṣáájú, nítorí kì í súnkì púpọ̀, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n igi ńlá ni, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n; kò yẹ kí a gé e lulẹ̀ nítorí èèkù ọ̀bẹ. Ẹ bèèrè àgékù pákó rẹ̀, tàbí ti ìrókò, lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìrosùn, àgbálùmọ̀ àti gúáfà náà dára. Wọ́n le, wọn kì í sì í tètè ṣẹ́.

IGI TÍ KÒ YẸ. Àràbà, ahùn, arère àti ìyeyè fúyẹ́, wọ́n sì rọ̀ jù. Irin kì í dúró nínú wọn. Igi obo le ní tòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú èèpo rẹ̀, eruku rẹ̀ a sì máa ta ènìyàn ní ojú àti imú. Ẹ má fi í ṣe èèkù ọ̀bẹ ìdáná.

BÍ A TI Ń ṢE É.

1. Ẹ má lo ẹ̀ka róbótó ní odidi, nítorí àárín rẹ̀ ni yóò ti là. Ẹ mú èyí tí ó nípọn bí apá ènìyàn, kí ẹ là á sí mẹ́rin. Ẹ yan ibi tí ìlà ara igi ti gún tààrà, tí kò sí kókó.

2. Ẹ gbẹ́ ara funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo kúrò. Ibẹ̀ ni kòkòrò fẹ́ràn.

3. Ẹ fi ìda oyin tàbí òrí kun orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí sí ẹ̀bá iná.

4. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́, ó ti gbẹ.

5. Ẹ fi irin mìíràn tí ó gbóná lu ihò. Ẹ má ti ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ bọ iná, nítorí ojú ọ̀bẹ tí iná bá pa kì í mú mọ́. Bí ìdí irin ọ̀bẹ bá gùn, ẹ jẹ́ kí ó yọ ní ìsàlẹ̀ èèkù, kí alágbẹ̀dẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà, kí ó má baà lè fà yọ.

Ẹ má ṣe fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ di èèkù tí ó ti là. Rọ́bà a bo ojú ibi tí ó là, ṣùgbọ́n ewu wà lábẹ́ rẹ̀, omi òjò a sì máa dúró níbẹ̀.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí èèkù bá bàjẹ́ kí ẹ tó wá igi. Ilé tí ó ní igi gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta lórí àjà kò ní fi igi tútù dán ọwọ́ ara rẹ̀ wò nígbà ìkórè.