Táyà Jò Lójú Ọ̀nà, Kò Sí Fọkanáísà Nítòsí: Kí Lẹ Máa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ táyà la gbé dání lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìkóríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní. Ilẹ̀ ti ṣú. Ìṣó wọ táyà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ìgboro, fọkanáísà ò wọ́n. Níbí yìí, ẹ̀yin nìkan ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ihò inú táyà kì í sábà pa èèyàn. Ibi téèyàn dúró sí láti dí i ló ń pa á. Tírélà ò mọ̀ pé ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ di sítíárì mú, ẹ jẹ́ kí eré ọkọ̀ dínkù fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kúrò lójú títì pátápátá. Ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, ó kéré tán ní ìgbésẹ̀ 50. Ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp. Tí táyà tó jò bá wà ní apá ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ rárá. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀, kẹ́ ẹ pe FRSC lórí 122.

Tí ibẹ̀ bá fọkàn balẹ̀, ẹ yẹ táyà wò. Tí ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀ tí kò jò púpọ̀, ẹ má yọ ọ́! Òun ló ń dí ihò náà. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́ ẹ rọra wakọ̀ dé Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́.

Tó bá ń jò gan-an, tí táyà náà kò sì ní tíúùbù, ẹ lè dí i fúnra yín:

1. Ẹ fi pílásì fa ìṣó yọ. Ẹ wo bó ṣe dagun sí.
2. Ẹ ti irin tó rí bí òlu bọ ihò náà, kẹ́ ẹ máa tì í, kẹ́ ẹ máa fà á, títí yóò fi dán.
3. Ẹ fi okùn rọ́bà tó ń lẹ̀ sójú abẹ́rẹ́, ẹ tì í wọlé, kí orí rẹ̀ kù díẹ̀ níta. Ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ kíá. Rọ́bà á kù síbẹ̀.
4. Ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo iná ọkọ̀ fẹ́ ẹ. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 30 sí 35.
5. Ẹ da omi ọṣẹ sí i. Tó bá hó, ó ṣì ń jò.

Àmọ́ ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan lèyí wà fún, kí ihò rẹ̀ má sì ju mìlímítà 6 lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń tẹ̀, ó máa ń nà bí ọkọ̀ bá ṣe ń yí, rọ́bà ò ní dúró níbẹ̀. Ó lè bẹ́ lórí eré. Ẹ̀sítírà lẹ máa lò nígbà yẹn.

Bẹ́ ẹ bá dí i tán, ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tú u, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì lẹ̀ ẹ́ láti inú.

Ẹ̀sítírà tó wà nínú bóótù yín ńkọ́? Ṣé atẹ́gùn wà nínú rẹ̀? Ẹ lọ wò ó lónìí. Ó dìgbà kan ná.